Omi Bátìrì Tí Tiwalọlá Kọ Sílẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Tiwalọlá Àríyọ̀ lọ́dún 1996, ẹ kàn bi í léèrè ohun tó ń kọ́ ní yunifásítì. Yóò kọ́kọ́ dá yín lóhùn pẹ̀lẹ́, nítorí wọ́n kọ́ ọ nílé: "Bí a ṣe ń fi iná pamọ́ sínú bátìrì ni." Ẹ̀yin náà á wá sọ ohun tí gbogbo Ìlútítun máa ń sọ: "Iná wo lẹ fẹ́ fi pamọ́? Àwọn oníná ti bá yín fi í pamọ́ tipẹ́!" Ẹ ó rẹ́rìn-ín, òun ò sì ní bá yín rín in. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀, ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àlùfáà, ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tó bí i.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ti lọ sinmi lọ́dọ̀ Olúwa. Ìyá rẹ̀, tí a ń pè ní Màmá Dora nítorí àkọ́bí rẹ̀, ń ṣe òwò epo pupa, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ. Dora wà nílé ọkọ. Tiwalọlá wà nídìí bátìrì. Àwọn obìnrin ìjọ kì í béèrè Dora mọ́. Wọ́n ti rí ibi tó wà. Tiwalọlá ni wọ́n ń béèrè, wọ́n sì ń fa orúkọ náà gùn bí ẹni tó ń wo ìkòkò tí kò tíì hó.

Ohun tó gbé e dé ìdí bátìrì nìyí. Lẹ́yìn tó gba oyè àkọ́kọ́, ó kọ́ àwọn ọmọ ní Ìyànsàn fún ọdún méjì. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà níbẹ̀ tí ẹgbẹ́ aláàánú kan gbé fíríìjì wá fún, kí wọ́n lè máa tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára. Oòrùn ló ń fún un ní agbára ní ọ̀sán, bátìrì ló ń gbé e títí ilẹ̀ fi mọ́. Lára bátìrì náà ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ọdún márùn-ún ni yóò lò. Kò lo ọdún méjì. Abẹ́rẹ́ bà jẹ́, àwọn ìyá tó ti rin ìrìn wákàtí méjì gbé ọmọ wọn pọ̀n, wọ́n sì padà sílé bí wọ́n ṣe wá. Nọ́ọ̀sì wá sọ fíríìjì di kọ́bọ́ọ̀dù. Ìwé orúkọ àwọn aláboyún ló ń kó sínú rẹ̀, ó ní ó kéré tán, eku kò lè wọ ibẹ̀.

Tiwalọlá ṣí yàrá tí bátìrì náà wà. Lábẹ́ páànù gbígbóná ni, ooru ibẹ̀ tó èyí tí wọ́n fi ń yan ẹja. Ó dúró níbẹ̀, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀, ó sì ronú kan àmù ìyá rẹ̀, tó máa ń wà nínú yanrìn tútù lẹ́yìn ilé, tí omi inú rẹ̀ kì í gbóná láéláé. Bí a bá gbé bátìrì sínú yanrìn tútù bí a ṣe ń gbé àmù ńkọ́, ṣé kò ní pẹ́ láyé ju èyí tó wà nínú ooru? Ọmọdé lè béèrè bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ìdáhùn rẹ̀, àfi kó lọ kàwé oyè kejì.

Ó lọ. Ọdún méjì ló fi wà ní yàrá ìwádìí tí kì í sí iná láti fi pamọ́. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún kẹta, àwọn olùkọ́ yunifásítì gbogbo daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọdún kẹta yìí ló sì gbẹ̀yìn fún un. Bí kò bá rí ìwé rẹ̀ fi sílẹ̀ kí ọdún tó parí, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, gbogbo wàhálà ọdún mẹ́ta á wọlẹ̀. Dókítà Oyèbádé, olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà, ní kó kó bátìrì mẹ́rin lọ sílé, kó lọ wá ibi tí yóò ti ṣe iṣẹ́ náà. Ó kó wọn sínú àpò ìrẹsì, ó wọ takisí pẹ̀lú wọn, awakọ̀ sì bú u láti ibùdókọ̀ dé Òkìtìpupa pé bí ásíìdì bá kán sí ìjókòó òun, òun ó já a sílẹ̀ sínú igbó.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Òkìtìpupa ni Bàbá Múrítàlá ti ń ṣáàjì bátìrì. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, mùsùlùmí tó ń kí ìrun márùn-ún pé, tó sì máa ń bú jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ láàrin ìkejì àti ìkẹta. Ó wo bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Kí ni wọ́n fẹ́ máa ṣe níbí?"

"Wọ́n á yó, Bàbá. Ebi á tún pa wọ́n. Wọ́n á tún yó. Fún ọgọ́sàn-án ọjọ́."

"Ìgbésí ayé tèmi gan-an lo ń sọ yẹn. Kó wọn wọlé, Ọ̀mọ̀wé."

Báyìí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó gbé bátìrì méjì sínú àpótí pákó tó kún fún yanrìn tútù, ó gbé méjì sórí pákó lábẹ́ páànù. Láràárọ̀ ni yóò fi wọ́n tan gílóòbù iná mọ́tò, yóò máa wo aago títí mítà yóò fi sọ pé ó tó. Lọ́sàn-án ni Bàbá Múrítàlá yóò so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ kí wọ́n tún yó. Lójoojúmọ́ ló ń fi ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan fa omi inú wọn wò. Ohun kan wà nínú ìgò náà tó máa ń léfòó: bí bátìrì bá yó, a gòkè, bí ebi bá pa á, a wálẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń kọ sínú ìwé, ó sì ń fi ìlà ya bí agbára wọn ṣe ń dín kù lójoojúmọ́. Bí omi inú wọn bá fà, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi omi mímọ́ kún un, èyí tó gbé wá láti yàrá ìwádìí nínú kẹ́ẹ̀gì funfun.

Nígbà tó di oṣù kẹta, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Àwọn bátìrì inú ooru ti ń tètè rẹ̀. Àwọn ti inú yanrìn ń fi ogójì ìṣẹ́jú jù wọ́n lọ. Ogójì ìṣẹ́jú! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Kò jó, nítorí pé níṣojú àwọn mẹkáníìkì ni.

Ní ọjọ́ kẹrìnléláàádọ́rùn-ún, Dókítà Oyèbádé ránṣẹ́ pè é. Ìrìn àjò náà yóò gbà á ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó ṣáàjì bátìrì kí wọ́n yó, ó sì kọ ọ́ sára páálí, ó fi kọ́ ògiri fún Bàbá Múrítàlá, tó kọ́ ìwé Yorùbá kà nílé ẹ̀kọ́ àgbà: Ẹ MÁ TAN GÍLÓÒBÙ. BÍ OMI BÁ FÀ, Ẹ BU OMI BÁTÌRÌ SÍ I.

Adìẹ ni Dókítà ń bọ́ nígbà tó débẹ̀, nítorí owó oṣù kò wọlé, Dókítà náà sì gbọ́dọ̀ jẹun. Ó nu ọwọ́, ó gba ìwé Tiwalọlá, ó ń ṣí i bí ẹni tó ń wá ojú ewé orin.

"Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Ọgọ́sàn-án la kọ sínú àbá iṣẹ́."

"Èyí tó kù á pé nínú oṣù kọkànlá, sà."

"Oṣù kọkànlá náà ni olùdánwò ń bọ̀ láti yunifásítì kejì. Ìgbà wo lo fẹ́ tẹ ìwé náà? Jókòó. Ṣé o rí ibi tí ìlà yìí ń lọ?"

"Mo rí i, sà."

"Fà á lọ dé ọgọ́sàn-án."

"Kí n fà á lọ báwo, sà?"

"Pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń fà á, Tiwalọlá." Ó rẹ́rìn-ín. "Má wò mí bẹ́ẹ̀. Ta ni kò ṣe irú ẹ̀ rí? O ti mọ ìdáhùn náà. Iná ìlú yìí ló ń dá ẹ dúró, kì í ṣe ìmọ̀."

"Màá ronú sí i, sà," ni ó wí. Gbogbo ìyá ló mọ̀ pé ohun tí ọmọ máa ń sọ nìyẹn bí kò bá ní ṣe é.

Inú mọ́tò ni ìbínú ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ẹni tó yẹ kó kọ́ òun lóòótọ́ ló ń kọ́ òun ní irọ́, àárín adìẹ ló sì ti ń kọ́ òun! Òun yóò ṣe ọgọ́sàn-án ọjọ́ náà pé. Òun yóò fi ọwọ́ òun tẹ̀ ẹ́ bí kò bá sí ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fi máa dé Òkìtìpupa, ó ti bá Dókítà jà tán ní inú, ó sì ti borí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tan gílóòbù. Ó jókòó tì wọ́n. Nígbà tí iná ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ojú ẹni tí kò sùn, ó ti ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú bátìrì àkọ́kọ́. Ohun tó ń léfòó náà gòkè fìn-ín, ó dúró sókè. Ó wo èkejì. Òkè. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, òkè. Ebi ti pa bátìrì títí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì ń sọ pé òun yó. Ohun kan ṣoṣo ló lè mú bátìrì pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀: ásíìdì tí ẹnìkan bù kún un.

"Bàbá! Kí lẹ dà sínú ẹ̀?"

"Ohun tí o ní kí n dà náà ni."

"Omi bátìrì ni mo ní!"

"Omi bátìrì ni mo dà." Ó na ọwọ́ sí kẹ́ẹ̀gì pupa tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Ásíìdì nìyẹn!"

"Ásíìdì wà nínú kẹ́ẹ̀gì dúdú. A ti fi omi ro èyí. Omi bátìrì la ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti dé ìdí iṣẹ́ yìí."

"Ẹ ti pa mí! Ọdún mẹ́ta mi rèé! Àgbàlagbà bíi tiyín, tẹ́ ẹ fi bátìrì jẹun, ẹ ò mọ omi yàtọ̀ sí ásíìdì! Ṣé ojú ló fọ́ ni, àbí orí?"

Àwọn mẹkáníìkì méjì tó wà níbẹ̀ yí ojú sí wọn. Sípánà bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan. Bàbá Múrítàlá lọ pa jẹnẹrétọ̀. Ó já páálí lára ògiri, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Kà á kí n gbọ́."

"Bàbá..."

"Kà á."

Ó kà á.

"Ta ló kọ ọ́? Èmi ò lọ yunifásítì. Olúwaṣọlá," ó kọjú sí mẹkáníìkì tí sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, "omi inú kẹ́ẹ̀gì funfun yẹn, kí là ń pè é níbí?"

"Omi òjò, Bàbá."

"Ṣé o gbọ́, Ọ̀mọ̀wé? Omi òjò. Nítorí inú òjò la ti ń rí i. Oṣù mẹ́ta lo fi jókòó níbí, o ń jẹ gààrí mi, o ò bi mí léèrè lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé, 'Bàbá, kí lẹ ń pe èyí?' Ìwọ lo ń sọ fún wa ohun tí wọ́n ń pè é."

Tiwalọlá kó ìwé rẹ̀, ó gun ọ̀kadà, ó lọ sílé. Kò dágbére. Ìròyìn sì ti gun ọ̀kadà tirẹ̀ ṣáájú, nítorí Màmá Dora ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

"Mo gbọ́ pé o bi Bàbá Múrítàlá bóyá orí rẹ̀ ló fọ́."

"Màámi, ẹ ò mọ ohun tó ṣe."

"Mi ò béèrè ohun tó ṣe. Ohun tí o ṣe ni mo ń béèrè. Lọ́la a ó lọ kúnlẹ̀."

Wọ́n lọ. Tiwalọlá kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí epo ọkọ̀ ti sọ di dúdú. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Mo sọ̀rọ̀ sí yín bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé."

Bàbá Múrítàlá wò ó, ó sì tún wò ó. "O ti kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ ò tíì kúnlẹ̀."

"Inú ń bí mi ni, Bàbá."

"Sí mi?"

"Sí yín díẹ̀. Sí ara mi púpọ̀."

"Ó dáa, mo gba díẹ̀ yẹn. Dìde, aṣọ rẹ ti bà jẹ́." Ó fa bẹ́ńṣì fún Màmá Dora. "Ṣé a ò lè da omi náà nù, ká bu òmíràn sí i?"

"Irin inú rẹ̀ ti mu ún, Bàbá. Kò lè dà bó ṣe wà mọ́. Bí mo bá tún bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kìíní ni mo ti máa kà."

Ọ̀rọ̀ náà wá kù sáàrin òun àti pẹ́ńsù. Ọjọ́ mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó mọ́ tónítóní. Ọjọ́ mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ló kù tí kò sí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi jókòó ti tábìlì, ó ń wo ìlà náà, ìlà náà sì ń wò ó. Kí ẹ wá gbọ́ ti ìyá rẹ̀, tó máa ń gbààwẹ̀ ní Ọjọ́rú gbogbo:

"Ṣé Dókítà fúnra rẹ̀ ló ní kó o kọ ọ́?"

"Òun ni."

"Ó ju ọ́ lọ, ó sì mọ̀ jù ọ́ lọ. Kọ ọ́, ọmọ mi, ká sinmi. Ọlọ́run mọ ọkàn rẹ."

"Màámi, ọkàn mi náà ni mò ń sọ. Ẹni tó kọ ọdún márùn-ún sára bátìrì Ìyànsàn, pẹ́ńsù ló fi fa ìlà tirẹ̀ náà. Ó rí ibi tó ń lọ, ó fà á lọ. Ẹ lọ sọ fún àwọn ìyá tó gbé ọmọ wọn padà sílé níbẹ̀ pé Ọlọ́run mọ ọkàn rẹ̀."

Màmá Dora dìde. Ó lọ gbé oúnjẹ kaná. Nínú ilé yẹn, kò wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni borí rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀.

Tiwalọlá kọ ìwé náà tán. Ní ojú ewé kọkànlélọ́gọ́ta ló ti kọ ọ́ pé ní ọjọ́ karùndínlọ́gọ́rùn-ún sí ìkẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún, wọ́n bu ásíìdì sí bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nípasẹ̀ ìlànà tí òun fúnra òun kọ sílẹ̀, nítorí òun kò béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ "omi bátìrì" túmọ̀ sí níbi tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Àti pé ohunkóhun tó bá tẹ̀ lé ọjọ́ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà á gbọ́.

Nígbà tí wọ́n ṣí yunifásítì, Dókítà Oyèbádé fi gègé pupa fa ìlà gbọọrọ sórí ojú ewé kọkànlélọ́gọ́ta.

"Yọ èyí kúrò. Ìtìjú ni. Ta ló ń kọ irú èyí sínú ìwé oyè? Omi òjò, omi bátìrì! Bí o kò bá yọ ọ́, mi ò ní fọwọ́ sí i."

"Mi ò ní yọ ọ́, sà."

"Jọ̀wọ́, jáde."

Ó jáde. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn Dókítà, ó ṣí Sáàmù, ó sì ń ka àwọn tí Dáfídì kọ nígbà tí inú ń bí i, wọ́n sì pọ̀. Bí Dókítà bá jáde, a kí i: "Ẹ káàárọ̀, sà." Bó bá wọlé: "Ẹ kú ọ̀sán, sà." Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Kò sí ohun tó ń dunni tó ìkíni tó pé pérépéré láti ẹnu ẹni tó ń bínú síni. Àwọn olùkọ́ yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí ọmọ yìí ń dúró dè. Ní ọjọ́ kẹta, Dókítà gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ láàrin ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fọwọ́ sí i lórí ògiri, tó fi jẹ́ pé gègé fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé náà já.

"Ìwọ nìkan lo máa dúró níwájú wọn. Mi ò ní dá sí i."

Bàbá arúgbó kan ni olùdánwò náà, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà ní ìdákẹ́jẹ́ lọ. Ojú ewé kọkànlélọ́gọ́ta ló kọ́kọ́ ṣí.

"Ọjọ́ mélòó ló mọ́?"

"Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún, sà."

"Ṣé ó tó?"

"Ó tó láti sọ pé ti inú yanrìn dára ju ti inú ooru lọ. Kò tó láti sọ iye ọdún tí yóò lò."

"Ta ló ba iṣẹ́ rẹ jẹ́?"

"Èmi ni, sà. Ẹlòmíràn ló di kẹ́ẹ̀gì mú, àmọ́ èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kó dà á."

Wọ́n ní kó bọ́ sí ìta. Nígbà tí wọ́n pè é padà, wọ́n fún un ní oyè náà. Wọ́n sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé iṣẹ́ náà kò kún tó èyí tí a fi lè gba ẹni náà sí ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé. Arúgbó náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Dókítà Oyèbádé kò wo ojú rẹ̀. Ọmọkùnrin tó dánwò ṣáájú rẹ̀ ní àárọ̀ yẹn, tí gbogbo ìlà inú ìwé rẹ̀ gún régé, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí ìgbà tó ṣe iṣẹ́ kankan láti ọjọ́ tí wọ́n ti daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní kó tẹ̀ síwájú sí oyè ọ̀mọ̀wé.

Ní Ìlútítun, Màmá Dora ò fẹ́ mọ ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ ìwé. Oyè ti dé. Ó gba ọjọ́ ìdúpẹ́ nínú ìjọ, ó sì fi Tiwalọlá síwájú. Ìjọ kọrin, gbogbo wọn jó lọ síwájú pẹpẹ, Tiwalọlá náà ń jó, ó fa ojú ro, bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

"Arábìnrin wa," ni àlùfáà wí, tó na makirofóònù sí i, "ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan fún wa, láti fi ìyìn fún Ọlọ́run."

Tiwalọlá gbà á. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó wo àwọn ìyá tó wọ funfun.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, nítorí mi ò purọ́," ni ó wí. "Inú ṣì ń bí mi."

Ìjọ ń wo ara wọn. Màmá Dora ló kọ́kọ́ ké "Àmín," ó ké e kíkan, ó sì yí ojú padà wo gbogbo wọn títí wọ́n fi bá a ṣe é.